Ọkọ̀ tí ń Jò: Bí A Ṣe Lè Mọ Ibi tí Omi Òjò ń Gbà Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé gbogbogbòò

Àwa tí a ń tún ọkọ̀ ṣe nínú ẹgbẹ́ yìí ni ẹ ní kí á wá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ ti fún wa ní ohun tí a óò sọ̀rọ̀ lé lórí pẹ̀lú: omi òjò tí ń wọ inú ọkọ̀ àtijọ́, bí a ṣe lè rí ibi tí ó ń gbà wọlé, àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan àpò ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti àpò ẹgbẹ́, nítorí òun ni ó mú kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ránṣẹ́ pè wá. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, láti oṣù kẹrin lọ, ìwé ẹ̀yáwó a máa wọlé tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé fún títún ọkọ̀ ṣe ni. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá béèrè ohun tí ó ṣe ọkọ̀ náà, èsì tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀, pé pánẹ́bítà ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò kí wọ́n sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Owó ńlá nìyẹn. Ẹni tí ó bá yá a yóò máa san án fún oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn onídùúró rẹ̀ yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkàn wọn kò ní balẹ̀. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé bí wọ́n bá jó irin tuntun síbẹ̀ tán, tí ẹnikẹ́ni kò wá ibi tí omi ń gbà wọlé, irin tuntun náà yóò dípẹtà kí wọ́n tó san ẹ̀yáwó ọ̀hún tán. A ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọkọ̀ tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọkọ̀ tuntun. Àwọn kan nínú wa ṣì ń wa Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, àwọn mìíràn sì ń wa Peugeot 504. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọkọ̀ méjèèjì yìí pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, Ìjàpá ní Èkó, 504 ní Kàdúná. Oṣù keje ọdún 2003 ni wọ́n ṣe Ìjàpá tí ó kẹ́yìn pátápátá ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, nítorí náà kò sí Ìjàpá kan lójú títì lónìí tí kò tíì lé ní ogún ọdún. Àwọn tòkunbọ̀ tí ó pọ̀ lọ́wọ́ wa, àwọn náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Rọ́bà a máa gbó. Oòrùn a máa yan án títí yóò fi le bí èèpo igi, tí yóò sì sán. Ohun tí wọ́n fi di ojú ibi tí irin méjì ti pàdé ní ilé iṣẹ́ a máa gbẹ, a sì máa là. Kò sí ẹni tí a lè bá wí fún ìyẹn.

Ohun kìn-ín-ní tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ibi tí ẹ ti bá omi kọ́ ni omi gbà wọlé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé abẹ́ òrùlé páànù rí mọ ohun tí à ń wí. Omi ń kán sórí ibùsùn, ẹ gun òkè, ẹ wo páànù tí ó wà lókè ibùsùn gan-an, kò sí ihò kankan níbẹ̀. Ojú ìṣó tí ó ti tú wà lọ́hùn-ún ní ẹ̀bá ògiri, omi ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń rìn lára igi àjà títí ó fi dé ibi tí igi náà tẹ̀, ó wá ń kán níbẹ̀. Bákan náà ni ọkọ̀ rí. Omi lè gba orí wọlé kí ó rìn lára wáyà, kí ó sì máa kán lẹ́nu iná inú ọkọ̀. Ó lè gba iwájú wọlé kí ẹ bá a ní ẹ̀yìn. Bí ẹ bá lọ ń lẹ nǹkan mọ́ ibi tí ẹ ti bá omi, ẹ kàn ń fi iṣẹ́ ṣòfò ni.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ihò, ẹ kọ́kọ́ bi omi náà léèrè pé ta ni ó bí i. Kì í ṣe gbogbo omi inú ọkọ̀ ni ó ti ojú ọ̀run wá. Ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ tutù, A.C. tí à ń wí, a máa fa omi jáde láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn sì ní páìpù kékeré kan tí ó ń gbà jáde sábẹ́ ọkọ̀. Bí eruku bá dí páìpù náà, omi yóò padà sínú ọkọ̀, yóò sì rin ilẹ̀ níwájú ẹni tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Omi yìí mọ́ lóló, kò ní òórùn, a sì máa yọ lọ́jọ́ tí òjò kò tilẹ̀ ṣú. Omi rẹdiétọ̀ ní tirẹ̀ a máa yọ̀ lọ́wọ́, a máa ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ a sì máa dùn díẹ̀, àyàfi tí ẹ bá ń bu omi ẹ̀rọ lásán sínú rẹdiétọ̀ yín, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe, tí a sì ti ń pariwo pé kò dára. Ẹ má ṣe tọ́ ọ wò o, májèlé ni. Ẹni tí ó bá ń wa Ìjàpá kò ní ìyọnu ti rẹdiétọ̀ ní tirẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì Ìjàpá tutù.

Bí ẹ bá ti wá mọ̀ pé omi òjò ni, ìbéèrè kan ṣì kù: ṣé nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan ni omi ń wọlé, àbí nígbà tí ẹ bá ń wà á lórí omi? Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń wà á nìkan ni, ẹ má wo òkè rárá. Táyà ni ó ń ta omi náà sókè láti ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ tàbí rọ́bà tí ó dí ihò inú rẹ̀ ni ẹ óò yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ dúró ní gbogbo òru, tí ẹ jí tí ẹ bá omi nínú rẹ̀, nígbà náà ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wo dígí, ilẹ̀kùn àti òrùlé.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Tísà àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ni Ìjàpá náà. A kò ní dárúkọ bàbá, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí á sọ ọ́. Òjò méjì ni omi fi ń dúró sábẹ́ àga ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, lápá ọ̀tún. Ẹnì kan ti fi sílíkóònì yí dígí ẹ̀yìn ká fún wọn, omi kò dá. Pánẹ́bítà kan wá gbé àga sókè, ó fi sípánà gún ilẹ̀, sípánà sì yọ sí ìsàlẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ọkọ̀ ti tán, pé kí bàbá lọ wá owó fún ilẹ̀ apá méjèèjì. Bàbá kọ ìwé ẹ̀yáwó. Ìgbìmọ̀ ní kí á lọ wo ọkọ̀ náà kí àwọn tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù kì í ṣe omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Ìjàpá mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ kò sí níwájú, kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni ó wà, lápá ọ̀tún, lórí ilẹ̀ ọkọ̀ gan-an. Ibẹ̀ náà ni omi bàbá ń dúró sí. Omi àti ásíìdì bátìrì ti jọ jẹ irin títí ó fi tinrin bí ìwé, bátìrì sì ti rì díẹ̀ sápá kan. Ìdérí bátìrì kò sí níbẹ̀ mọ́, a kò mọ ẹni tí ó yọ ọ́ nù. Ẹ sì wò ó, sípíríǹgì irin ni ó wà lábẹ́ àga Ìjàpá. Bí ẹni tí ó wúwo bá jókòó, sípíríǹgì yóò rẹlẹ̀, bí ó bá sì kan orí méjèèjì bátìrì tí kò ní ìdérí, iná yóò ṣẹ́, ohun tí wọ́n kì sínú àga àtijọ́ a sì máa gbaná kíákíá. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ni ó ti jóná báyìí káàkiri ayé. Àwọn ọmọ-ọmọ bàbá ni wọ́n ń jókòó síbẹ̀ lọ sí ilé ìwé ní àràárọ̀. A sọ fún bàbá pé, "Bàbá, ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yìí mọ́ títí a óò fi parí iṣẹ́." Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi rò pé omi lásán ni mò ń bá jà." A tú orí bátìrì, a gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni a wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá omi. A yọ àga, a ká gbogbo ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, a sì fi ọkọ̀ sí oòrùn fún ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ máa ṣàkíyèsí èyí: inú ọkọ̀ tí ó rin kò lè sọ ibi tí omi tuntun gbà wọlé fún yín. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ tán ná. Nígbà tí ó gbẹ, a tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sí gbogbo ilẹ̀, a sì fọ́n àtíkè sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn àti sábẹ́ dígí gbogbo, irú àtíkè tí àwọn obìnrin fi ń kunjú. Bí omi bá rìn lórí àtíkè, ojú ọ̀nà rẹ̀ yóò hàn kedere bí ipasẹ̀ ìgbín.

A kò da omi lé ọkọ̀ lórí láti òkè. Àṣìṣe tí àwọn tí ń fọ ọkọ̀ máa ń ṣe nìyẹn, wọn a ṣí họ́ọ̀sì sí òrùlé, omi a gba ibi gbogbo wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì ní mọ èwo ni èwo mọ́. Ìsàlẹ̀ ni à ń ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹgò tàbí họ́ọ̀sì tí ó ní agbára kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí òjò kì í fi agbára báyìí rọ̀. Ohun tí a fẹ́ràn jù ni búta tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, omi rẹ̀ ń wá díẹ̀díẹ̀, ẹ sì lè darí rẹ̀ sí ibi tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ẹnì kan yóò máa da omi níta, ẹnì kejì yóò wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, gbogbo ilẹ̀kùn títì pa. Ibì kan ṣoṣo ni ẹ óò máa da omi sí fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè ṣe é. Omi mìíràn wà tí yóò kọ́kọ́ kún inú kọ̀rọ̀ kan kí ó tó yọ.

A bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, kò sí nǹkan. A bọ́ sí dígí kékeré ẹ̀yìn, kò sí nǹkan. A bọ́ sí dígí ẹ̀yìn, ibi tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé ọ̀rọ̀ wà. Búta mẹ́ta ni a dà síbẹ̀. Ọmọ tí ó wà nínú ọkọ̀ ń dáhùn pé, "Ó gbẹ o, ọ̀gá." Nígbà náà ni a wá dé ilẹ̀kùn ọ̀tún iwájú, a da omi sí ìsàlẹ̀ dígí rẹ̀, níbi tí dígí ti ń wọ inú ilẹ̀kùn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ọmọ náà fi kígbe. Omi ń yọ lábẹ́ pákó tí ó bo inú ilẹ̀kùn, ó ń ṣàn gba orí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn sí ilẹ̀ iwájú.

Bàbá kò gbà. Wọ́n ní ẹ̀yìn ni omi tàwọn ń wà, àwọn kò bá omi níwájú rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí rẹ̀ ni pé orí ilẹ̀ títẹ́jú ni a gbé ọkọ̀ sí láti ṣe ìdánwò náà, omi sì dúró síbi tí ó bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ ilé bàbá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkè ni imú ọkọ̀ wọn ń kọjú sí ní gbogbo òru. A ti ọkọ̀ náà padà sí àyè rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń gbé e sí, a tún da omi sí ilẹ̀kùn ọ̀hún. Omi bọ́ sí ilẹ̀ iwájú, ó gba abẹ́ àga iwájú kọjá lórí ìwé ìròyìn, ó sì lọ jókòó sí ìdí bátìrì. Bàbá kàn mi orí ni.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, nítorí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni ó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé rọ́bà tí ó fara kan dígí kò lè dá gbogbo omi dúró, nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀ kí omi máa wọ inú ilẹ̀kùn, kí ó sì máa gba ihò kéékèèké tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn jáde sílẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín nígbà tí ẹ bá délé, ẹ wo etí rẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ óò rí àwọn ihò náà. Bí yanrìn, ewé tàbí ọ̀dà bá dí wọn, ilẹ̀kùn yóò di kete omi. Bí ẹ bá gbọ́ tí omi ń ró nínú ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ bá ń pa á dé, ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀la. Igi ìfọyín tàbí igi ìgbálẹ̀ mélòó kan tó láti fi gún wọn.

Láti má jẹ́ kí omi inú ilẹ̀kùn yà wá sínú ọkọ̀, wọ́n fi náílọ̀n tàbí ìwé tí wọ́n ti fi nǹkan pa lára bo gbogbo inú ilẹ̀kùn, lẹ́yìn pákó tí ẹ ń rí. Òun ni odi. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ohun tí ó ń yí dígí ṣe, tàbí ẹni tí ó fẹ́ fi sípíkà rédíò sí ilẹ̀kùn, ó di dandan kí ó ká náílọ̀n yìí kúrò kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè wọlé. Ṣíṣí i kò burú. Ohun tí ó burú ni pé ọ̀pọ̀ wọn a máa fà á ya, wọn a ká a rúmúrúmú, wọn a sì jù ú nù, nítorí wọ́n rò pé ohun tí wọ́n fi di ọjà ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀kùn bàbá nìyẹn. Ọdún méjì ṣáájú ni wọ́n tún ohun tí ń yí dígí ṣe níbì kan. Nígbà tí a ṣí pákó ilẹ̀kùn, a kò bá òkúta gọ́ọ̀mù lásán ju igun kan lọ. Mẹ́ta nínú àwọn ihò ìsàlẹ̀ ni ọ̀dà sì ti dí.

A ra náílọ̀n tí ó nípọn, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ igi fi ń bo àga tuntun, a gé e bí ilẹ̀kùn ṣe rí. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ bí ẹlòmíràn bá ń ṣe é fún yín. Etí náílọ̀n ti ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà níta ilẹ̀kùn. Inú ihò gbọọrọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ irin ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ̀, kí omi tí ó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè padà sínú ilẹ̀kùn, kí ó sì gba ihò rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìta, wọ́n kàn ṣe gọ́tà fún omi wá sórí ẹsẹ̀ yín ni. Iye tí náílọ̀n àti gọ́ọ̀mù náà jẹ́ kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan.

Ilẹ̀ ọkọ̀ bàbá ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó ti jẹ, ṣùgbọ́n ibi tí ó jẹ kò fẹ̀ ju ìwé kíkọ ọmọ ilé ìwé méjì lọ. A gé ibẹ̀ kúrò, a jó irin tuntun mọ́ ọn, a fi ọ̀dà pupa tí ń dènà ìpẹtà kùn ún lókè àti nísàlẹ̀, a tẹ́ rọ́bà sábẹ́ bátìrì, a sì fi ìdérí sórí rẹ̀. Apá òsì kò ní àrùn kankan. Ẹ̀yáwó tí bàbá gbà níkẹyìn kò tó ìdá mẹ́rin èyí tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Nípa ti àwọn tòkunbọ̀, àyè méjì ni ó ń yọ wá lẹ́nu jù. Èkíní ni ibi tí wáípà dúró sí, lábẹ́ dígí iwájú. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ọkọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀nà tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn táyà iwájú. Ẹni tí ó bá ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò tàbí igi fúrúùtù, ewé yóò dí ojú ọ̀nà omi náà, omi yóò kún, yóò sì gba ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kó ewé kúrò, ẹ da omi sí i, kí ẹ sì wo bóyá ó ń jáde sílẹ̀. Àwọn Ìjàpá tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 1968 náà ní irú ihò afẹ́fẹ́ yìí níwájú dígí, ó sì ní họ́ọ̀sì tirẹ̀ tí ń gbé omi rẹ̀ lọ.

Èkejì ni òrùlé tí ń ṣí. Rọ́bà tí ó yí ojú rẹ̀ ká kò wà láti dá gbogbo omi dúró, gẹ́gẹ́ bí ti dígí ilẹ̀kùn. Ọpọ́n irin wà lábẹ́ rẹ̀ tí ń gba omi, páìpù tín-ín-rín sì wà ní igun ọpọ́n náà, tí ń gba inú òpó ọkọ̀ lọ sílẹ̀. Eruku ọyẹ́ a máa dí páìpù wọ̀nyí ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kò sì ní mọ̀ títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi dé. Ẹ ṣí òrùlé náà, ẹ da ife omi kan sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Igun tí omi rẹ̀ kò bá jáde, okùn rọ́bà tí ó rọ̀ ni kí ẹ fi là á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fọkanáísà fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ ẹ, nítorí páìpù náà lè yọ kúrò ní orí rẹ̀ nínú òpó, omi yóò sì wá máa dà sínú ọkọ̀ gan-an.

Omi inú búùtù kò le. Rọ́bà búùtù àti rọ́bà ìdí iná ẹ̀yìn ni ẹ óò kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé táyà àpọ̀jù kúrò, ẹ jẹ́ kí ọmọ kékeré kan tí kò bẹ̀rù òkùnkùn wọ inú búùtù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ pa á dé díẹ̀, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń da omi, kí ọwọ́ yín má sì kúrò lára ìdérí. Ẹ̀yin tí ẹ ní bọ́ọ̀sì tí ẹ fi ń ru ẹrù ẹgbẹ́, ìdí irin tí ẹ ń di ẹrù mọ́ lórí òrùlé ni kí ẹ lọ wò.

Sílíkóònì wá ńkọ́? A mọ̀ pé yóò dun àwọn kan nínú yín, ṣùgbọ́n a óò sọ ọ́. Nínú ọkọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá fún wa nítorí omi, ó ṣòro kí á rí ọ̀kan tí wọn kò tíì fi sílíkóònì kùn níbì kan. Kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ rọ́bà tí ó ti gbó, kì í jẹ́ kí ọ̀dà dúró síbẹ̀ mọ́, bí wọ́n bá sì fi í dí ihò tí omi yẹ kí ó gbà jáde, omi tí ó bá ti wọlé kò ní rí ọ̀nà lọ. Bí rọ́bà dígí iwájú bá ti gbó, rọ́bà mìíràn ni ó ń fẹ́. Owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, a gbà, ó sì yẹ kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó fi ojú rere wo irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí ojú ihò tán, ẹ gbẹ ọkọ̀ náà. Kápẹ́ẹ̀tì òkè lè gbẹ lójú, kí fóòmù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì mu omi bíi kànìnkànìn. Ẹ yọ ọ́, ẹ sá a. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, wáyà pọ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yẹn, omi sì ni ó ń fa iná tí ń tàn fúnra rẹ̀ àti fèrèsé tí kò gòkè mọ́, tí ẹ fi ń ti ọ̀dọ̀ rẹwáyà kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó lórí ọkọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ rà. Omi tí ó wọ ọkọ̀ mìíràn kì í ṣe ti òjò, àgbàrá ni ó bò ó mọ́lẹ̀ nílùú tí ó ti wá. Ìjì Katrina ti ọdún 2005 ní Amẹ́ríkà ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ jẹ́ báyìí, irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí owó, ẹ ní kí onítọ̀hún ká kápẹ́ẹ̀tì sókè níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó fa ìgbànú ìjókòó jáde títí dé òpin, kí ó sì wo abẹ́ táyà àpọ̀jù. Bí ẹrẹ̀ gbígbẹ bá wà lára ìgbànú níbi tí ó ti ká jọ, ẹ dá ìwé náà padà. Àwa wà ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a ó sì wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí láì gba kọ́bọ̀. Ẹ ṣáà gbé e wá kí ẹ tó san owó.